Ìṣirò, Íntánẹ́ẹ̀tì, Ẹsẹ̀ àbí Ẹnu: Èwo Lẹ Máa Fi Wádìí Ọjà Iṣẹ́ l'Óṣogbo?

Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ sí Òkè-Baálẹ̀ á bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ìtòsí, á wo ìwé, á sì tún padà lọ wò ó nígbà òjò kó lè mọ̀ bóyá omi ń dúró síbẹ̀. Ẹni yìí kan náà lè fi ọdún mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ kan tàbí kàwé lé e lórí, torí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan ń ṣe é l'Ékòó, ó sì ń rí jẹ. Òṣogbo kì í ṣe Èkó. Iṣẹ́ tó ń lọ wìtìwìtì níbẹ̀ lè má ní ju oníbàárà mẹ́wàá lọ níbí, iṣẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ò kà sí sì lè máa tọ́ ọmọ yanjú níbí.

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo mọ̀ tí èèyàn lè gbà wádìí iṣẹ́ tó ń lọ nílùú yìí, iye tó ń mú wọlé, àti irú ẹni tí wọ́n ń gbà. Ìṣirò ìjọba ni àkọ́kọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni kéèyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín wò, ẹ̀kẹrin ni kéèyàn bèèrè. Fún ẹni tó ń kánjú, bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìyí:

| Ọ̀nà | Ohun tó mọ̀ ọ́n sọ | Ohun tí kò ní sọ | Ohun tó máa ná yín |
|---|---|---|---|
| Ìṣirò ìjọba | ibi tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń lọ | ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Alékúwodò | dátà díẹ̀, sùúrù púpọ̀ |
| Íntánẹ́ẹ̀tì | iṣẹ́ alákọ̀wé, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, iṣẹ́ ìlú míì | iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kéde | dátà, àti ewu gbájúẹ̀ |
| Ẹsẹ̀ | ṣọ́ọ̀bù tó ń tà àti èyí tó ti kú | iye tó ń wọ àpò ẹni tó ni ín | owó kẹ̀kẹ́ Márúwá, oòrùn |
| Ẹnu | owó oṣù, bí wọ́n ṣe ń gbani, ohun tó ń léni kúrò nídìí iṣẹ́ | òótọ́, tó bá jẹ́ ẹni tí kò yẹ lẹ bi | àkókò, àti kẹ́ ẹ gbé ìtìjú tì |

Ìṣirò ìjọba

NBS, àjọ tó ń rí sí ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ló máa ń gbé iye àwọn tí kò níṣẹ́ jáde. Lápá ìparí ọdún 2020, wọ́n ní ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ó ti já wálẹ̀ sí 4.1. Iṣẹ́ ò ṣàdédé pọ̀ láàárín ọdún méjì o. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni wọ́n yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò bá tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ní báyìí, ẹni tó bá ti fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó láàárín ọ̀sẹ̀, òṣìṣẹ́ ni, bí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe là á kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó ti POS ní ọjọ́ Sátidé nìkan, tí wọ́n sì fún un ní nǹkan, ti níṣẹ́ lójú ìwé. Ẹni tó bá wá fi 4.1 yẹn pe àwọn tó ń wáṣẹ́ ní ọ̀lẹ kò mọ ohun tó ń kà.

Nọ́ńbà méjì míì wà nínú àkójọ yẹn tó wúlò jù ú lọ. Ní oṣù mẹ́ta ìkejì ọdún 2024, ìdá 85.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó níṣẹ́ ló jẹ́ pé iṣẹ́ ara wọn ni wọ́n ń ṣe. Ìdá 93 ló sì wà nídìí iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ètò kankan, irú èyí tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tàbí owó ìfẹ̀yìntì. Bí ó bá jẹ́ pé ó ju ẹni mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, ẹni tó jókòó ti ìpolówó ìgbanisíṣẹ́ nìkan, igun kékeré kan ló ń wò nínú ọjà ńlá. Gbogbo Nàìjíríà ni nọ́ńbà yìí ń sọ o. Kò dárúkọ Òṣogbo.

Ìwé ìjọba kan tún wà tí àwọn tó ń wáṣẹ́ kì í fẹ́ kà: ètò ìṣúná Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọdún tí owó bá ń wọ ọ̀nà àti afárá, wẹ́dà, awakọ̀ tírélà, àwọn tó ń ta irin àti àwọn ìyá olóúnjẹ tó ń bẹ níbi iṣẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ ọ́n lára. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ni, ẹlòmíì ni yóò kàn. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé àti ohun tí wọ́n ná kì í dọ́gba nígbà gbogbo, ìdí nìyẹn tó fi dáa kẹ́ ẹ wá ìròyìn bí wọ́n ṣe ná an, kẹ́ ẹ fi wé ohun tí wọ́n là sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó oṣù tó kéré jù lọ. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ₦70,000. Ìjọba Ọ̀ṣun fi díẹ̀ lé e, ó di ₦75,000. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó fi ₦75,000 yìí ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ìṣirò wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ aládàáni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin owó oṣù ti ọdún 2019 yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé 25 sílẹ̀. Ẹ wá ka iye tíṣà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni àdúgbò yín, tàbí iye òṣìṣẹ́ tó wà ní ilé òògùn tó wà lójú títì. Ọ̀pọ̀ wọn ni òfin yẹn ò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń san. Ẹnu nìkan ló lè sọ iye rẹ̀ fún yín.

Íntánẹ́ẹ̀tì

Jobberman wà láti ọdún 2009, LinkedIn wà, NELEX tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ń bójú tó náà wà. Ẹ kọ Osun sínú àpótí ìwákiri, ẹ wo iye ìpolówó tó máa jáde, kẹ́ ẹ wá kọ Lagos. Ìyàtọ̀ yẹn ti kọ́ yín ní nǹkan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó máa jáde fún apá ọ̀dọ̀ wa ni iṣẹ́ títa ọjà kiri fún ilé iṣẹ́ kan, iṣẹ́ báńkì kékeré, iṣẹ́ tíṣà, àti àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba.

Síbẹ̀, ibi kan wà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ju ẹsẹ̀ lọ pátápátá, ìyẹn iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà nílùú yìí. Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, lábẹ́ NISO, àjọ tí wọ́n yọ lára TCN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbé iná kiri. Ọmọ ìlú lè kọjá níwájú irú ibi bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kó má mọ̀ pé Abùjá ni wọ́n ti ń gbani sí i. Kéèyàn lọ dúró sí ẹnu géètì wọn pẹ̀lú sívì lọ́wọ́, oòrùn lásán ló ń jẹ. Ojú òpó wọn ló yẹ kó máa wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Báńkì Àpapọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń fi sívì ránṣẹ́. Ẹ kó ìpolówó bíi ogún jọ lórí irú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ mú ìwé àti bírò, kẹ́ ẹ wá máa fa ìlà sí ohun tí wọ́n ń béèrè. Ẹni tó fẹ́ ṣe tíṣà á rí i pé ìwé TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, ń jáde léraléra. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ akọ̀wé á rí i pé Excel ni wọ́n ń dárúkọ, wọn ò dárúkọ ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà olóṣù mẹ́ta tó fẹ́ lọ fowó rà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó sì lè gba owó ilé-ẹ̀kọ́ odindi sílẹ̀.

Ti gbájúẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀: ẹni tó bá gbowó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín kó tó fún yín níṣẹ́, ẹ sá fún un. Wíwá orúkọ ilé iṣẹ́ lójú òpó CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ìpolówó orí Wásáàpù tí kò ní ọjọ́, ẹ kà á sí ti èṣí.

Ẹsẹ̀

Òṣogbo kò tóbi ju ohun tí ẹsẹ̀ lè ká. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ọláìyá, ẹ gba Òkè-Fíà, ẹ lọ sí Gárééjì Àtijọ́, ẹ yà sí Ìgbọ̀nà, kẹ́ ẹ parí rẹ̀ sí Ọjà-Ọba. Ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pé àwọn ń wá ọmọ iṣẹ́. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ «to let» sí lára, kẹ́ ẹ bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ti kú mọ ohun tí àwọn tó ń tà ò ní sọ.

Ojú lè tanni jẹ nídìí ọ̀nà yìí, ó sì fẹ́ràn láti tanni jẹ nínú oṣù kẹjọ. Àsìkò ọdún Ọ̀ṣun ni. Òtẹ́ẹ̀lì kún, àwọn ayàwòrán ò ráyè jẹun, àdìrẹ ń tà bí àkàrà gbígbóná. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ yẹn pinnu pé òun máa ṣí ilé àlejò gbọ́dọ̀ tún un rìn lóṣù kẹwàá. Irú rẹ̀ náà ló wà nítòsí UNIOSUN: ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ sílé, ẹni tó ń tẹ ìwé àti ẹni tó ń ta búrẹ́dì àti ẹyin á kàn máa lé eṣinṣin. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì bọ́ sí ìgbà tí owó oṣù ò tíì wọlé.

Bẹ́ ẹ bá rí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mẹ́fà lójú títì kan, ohun méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé àdúgbò náà ń ránṣọ gan-an, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo èèyàn lọ kọ́. Ojú nìkan ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmọ́ ẹ wo àwọn ọmọ iṣẹ́: ṣé ẹ̀rọ ń dún, àbí fóònù ni wọ́n ń tẹ̀?

Iṣẹ́ ọnà ni ẹsẹ̀ kì í ṣe dáadáa sí rárá, ó sì yẹ kó dùn wá torí iṣẹ́ tí ayé fi mọ ìlú yìí ni. Láti àwọn ọdún 1960 tí àwọn òyìnbó bíi Susanne Wenger, Ulli Beier àti Georgina Beier ti wà nídìí rẹ̀, tí àwọn ayàwòrán bíi Twins Seven Seven àti Jimoh Buraimoh fi jáde, àwọn tó ń ra iṣẹ́ Òṣogbo kò fi bẹ́ẹ̀ gbé l'Óṣogbo. UNESCO kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Nike Òkúndayé dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ọnà rẹ̀ sílẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n Lẹ́kí l'Ékòó ni gálárì ńlá rẹ̀ wà. Ẹni tó bá kọjá níwájú ilé aláró, tí kò rí oníbàárà kankan, lè rò pé iṣẹ́ náà ti kú, nígbà tó jẹ́ pé inú fóònù ni ọjà ti ń lọ, tí ẹrù sì ń bá ọkọ̀ lọ sí Abùjá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àdìrẹ, íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹnu ni kó fi wádìí rẹ̀.

Ẹnu

Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, wọ́n ní. Ó ṣìnà dáadáa tó bá jẹ́ ẹni tí kò yẹ ló bi.

Ẹ fi àwọn mẹ́rin yìí wéra. Ọ̀gá tó ń kọ́ni níṣẹ́ mọ iṣẹ́ náà jù, ṣùgbọ́n owó ìkọ́ṣẹ́ yín àti iṣẹ́ ọwọ́ yín wà nínú ohun tó ń wò. Kò ní bu ọjà ara rẹ̀. Ẹni tó gba fríìdọ̀m lọ́dún tó kọjá ni mo fẹ́ràn jù. Ojú rẹ̀ ṣì ń rí i, ó mọ iye tí ẹ̀rọ jẹ́ lónìí, ó sì mọ iye oṣù tó fi jókòó kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé. Ẹni tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ máa sọ ohun tí kò sí lẹ́nu àwọn méjì yẹn, àmọ́ ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú ọgbọ́n, ìbínú lè ti wọ̀ ọ́. Ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí: ẹni tó ń ta ohun èlò. Obìnrin tó ń ta sípù, òwú àti lánínì lọ́jà mọ̀ bóyá àwọn télọ̀ ń rajà ju ti èṣí lọ. Ẹni tó ń ta bátìrì sólà mọ̀ bóyá ilé àdáni ló ń gbé e àbí ilé ìjọsìn. Kò ní ìdí tó fi máa parọ́ fún yín, torí kì í ṣe oníṣẹ́ náà, kì í sì í ṣe ọ̀gá yín lọ́la.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye tó ń wọlé, ẹ má lọ bèèrè lójú títì tẹ́ ẹ ti fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlobùú tàbí Ẹdẹ. Ẹni tẹ́ ò ní bá du oníbàárà máa là á fún yín láìfi bò.

Bí èèyàn ṣe bèèrè náà ṣe pàtàkì. «Èló lẹ ń pa lóṣù?» kì í ṣe ìbéèrè tí ọmọ gidi ń bi àgbà. Ẹ gbọ́ báyìí:

«Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀mí.»

«O ṣé o, ọmọ mi. Aṣọ lo fẹ́ rán ni?»

«Rárá o, mà. Iṣẹ́ yìí ni mo ń rò pé kí n kọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá fọ̀rọ̀ lọ̀ yín. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fríìdọ̀m, ó máa ń tó ìgbà wo kó tó lè máa ti inú iṣẹ́ san owó ṣọ́ọ̀bù?»

«Hà! Ìyẹn dá lórí ibi tó bá gbà o. Èmi ò rí i san lọ́dún àkọ́kọ́, ọkọ mi ló ń bá mi san án.»

Kò dárúkọ iye kankan, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ pé ẹ nílò owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa sọ ìyẹn.

Ní ti iṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹni tó ti sìnrú ìlú níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́pà ló dára jù láti bi. Ó ti kúrò níbẹ̀, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹ bi í bóyá owó oṣù ń wọlé lásìkò, àti bí ẹni tí wọ́n gbà gbẹ̀yìn ṣe débẹ̀. Nílé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn aládàáni, ìdáhùn kejì sábà máa ń jẹ́ pé ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí ló mú un wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, ẹ yé tẹ sívì sí i, kẹ́ ẹ máa sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ ń wáṣẹ́.

Iṣẹ́ ọba ńkọ́? Àwọn òbí á ní kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀, wọ́n sì ní ìdí: owó ìfẹ̀yìntì wà, ìsinmi wà. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Abéré, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, nípa ọdún 2015 sí 2018, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ń gba ààbọ̀ tàbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó oṣù. Ẹ bi wọ́n nípa oṣù kọkànlá ọdún 2022 pẹ̀lú, tí ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fagi lé gbogbo ìgbanisíṣẹ́ tó wáyé lẹ́yìn ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún náà. Ọjọ́ tí wọ́n gbani sí iṣẹ́ ìpínlẹ̀, ó lè ṣe pàtàkì bí iṣẹ́ náà. Bí ìgbanisíṣẹ́ bá ṣí nígbà tí ìbò ti kan ilẹ̀kùn, ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ o, àmọ́ ẹ má tíì fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀.

Àwọn àgbà tún lè sọ ìtàn ilé iṣẹ́ irin Steel Rolling àti Machine Tools fún yín, bí ọ̀dọ́ ṣe ń wọ́ lọ síbẹ̀ láyé àwọn ọdún 1980, àti bó ṣe rí fún àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ibẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ nígbà tí iṣẹ́ dúró. Mo máa ń ní kí àwọn ọ̀dọ́ mú ìbéèrè kan kúrò nínú ìtàn yẹn: bí ilé iṣẹ́ yìí bá ti ilẹ̀kùn, ta ló tún máa ra ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nílùú yìí? Wẹ́dà lè dárúkọ èèyàn ogún. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè má dárúkọ ẹnì kan.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá mú?

Ẹni tó ń ronú iṣẹ́ ọwọ́ tàbí òwò: ẹsẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kó má sì gbàgbé ẹni tó ń ta ohun èlò. Íntánẹ́ẹ̀tì lè dúró.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, tó sì lè kúrò nílùú: íntánẹ́ẹ̀tì ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó fa ìlà sí ogún ìpolówó, kó tó wá kọ́pà tó ti sìn níbẹ̀. Ọ́fíìsì NDE, àjọ ìgbanisíṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1986, náà wà fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ìjọba. Kó lọ bèèrè èyí tó ń lọ lọ́wọ́ gan-an, kó má wo pátákó tí wọ́n kọ́ síta.

Nọ́ọ̀sì: ẹnu, ó tán. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN àti ti ìjọba ní Asubiaro mọ ohun gbogbo tó ń lọ láàárín ara wọn kó tó di ìpolówó.

Ẹni tí ilé àti ọmọ so mọ́ Òṣogbo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìṣirò díẹ̀ sí i, torí ọjà iṣẹ́ ìlú yìí kò parí sí ẹnu ibodè. Ẹdẹ wà nítòsí, àwọn yunifásítì àti poli sì wà níbẹ̀. OAU wà ní Ilé-Ifẹ̀. Wúrà ń jáde níbi ìwakùsà Ṣẹ̀gílọlá, lápá Iléṣà, láti ọdún 2021. Ẹ wádìí gbogbo ibi tẹ́ ẹ lè lọ tẹ́ ẹ sì lè bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ wá yọ owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ ti ọjọ́ méjìlélógún kúrò nínú owó oṣù náà kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ Ẹdẹ wé ti Ọláìyá.